Akọ̀wé Ṣọ́ọ̀bù tí Ó Ń Ta Ìfẹ́ Láwìn

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ka ìwé yìí lẹ́bàá ààrò, ẹ kọ́kọ́ sọ ìkòkò kalẹ̀ ná, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ̀rín inú rẹ̀ lè mú kí ọbẹ̀ jóná mọ́ yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rẹ́rìn-ín tán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì pa ìwé dé. Ìdí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín.

Ìjàgun ni mo fẹ́ mú yín lọ, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹni tí ó bá mọ Ìjàgun tẹ́lẹ̀, tí ó sì ti pẹ́ tí ó ti débẹ̀, bí ó bá débẹ̀ lónìí, yóò bi ara rẹ̀ léèrè pé, ṣé ibẹ̀ náà nìyí? Ní ọdún 2005 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn dá yunifásítì tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ olóògbé Táí Ṣólàrín pè é, ẹni tí ó dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọdún 1956. Ní ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ gba yunifásítì náà sí ọwọ́ ara rẹ̀. Níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá pọ̀ sí, ibẹ̀ ni gààrì, búrẹ́dì, ẹyin, ọṣẹ àti káàdì fóònù ti ń tà. Níbi tí ọjà bá sì ti ń tà, akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù kò ní ṣàì wà níbẹ̀.

Ọ̀kan nínú irú àwọn akọ̀wé bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín. Ẹ má ṣe wá a lọ sí Ìjàgun o, ẹ kò ní bá a níbẹ̀. Ìwà ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ni mo ṣà jọ, mo rán wọn pọ̀ bí aṣọ alábulẹ̀, mo sì fi wọ ẹnì kan ṣoṣo. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀, kí ó má ṣe bínú sí mi. Kí ó yáa lọ bọ́ ojú náà.

Ẹ jẹ́ kí a pe orúkọ rẹ̀ ní Eyínfúnjowó, nítorí pé ẹ̀rín ni ó fi ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ní òwúrọ̀, ẹ̀rín ni ó sì fi ń tì í ní alẹ́.

Àlàájà kan ni ó ni ṣọ́ọ̀bù náà. Opó ni. Gààrì Ìjẹ̀bú ni ó kọ́kọ́ ń tà ní kóńgò kọ̀ọ̀kan, kí Ọlọ́run tó fi díẹ̀díẹ̀ sọ kóńgò di àpò, tí àpò sì di ṣọ́ọ̀bù. Ó fẹ́ràn Eyínfúnjowó bí ọmọ tí ó bí. Ọmọ náà mọ ìṣirò, kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, kì í mu sìgá, bí ìrun bá sì tó, yóò ti kàǹtà, yóò lọ kírun. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé, ahọ́n rẹ̀ kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó wọ ilé lọ sinmi.

Bí ìyá arúgbó bá wọlé, yóò ní, "Ẹ kú àárọ̀ mà, kí ni ẹ fẹ́ rà?" Ó parí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dọ́mọbìnrin bá wọlé, yóò tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, yóò fi ọwọ́ méjèèjì lé orí kàǹtà, yóò sì wí pé, "Àǹtí mi, ìgbà tí ẹ wọlé yìí ni mo tó mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́." Ẹ wo aago, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni!

Bí ó bá ń wọn gààrì fún àwa yòókù, yóò fi igi gé orí kóńgò pẹrẹsẹ. Bí ó bá ń wọ̀n ọ́n fún wọn, gààrì náà yóò ga sókè bí òkè Olúmọ, a ó sì tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e pé ti ìfẹ́ ni. Àlàájà ti pàṣẹ pé kí ó má ṣe ta àwìn fún ẹnikẹ́ni láìkọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Eyínfúnjowó ń kọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n ni ó ń kọ. Orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ sọ wọ́n ni: "Ìmọ́lẹ̀ Ojú Mi, mílíìkì alágolo méjì." "Adùn-bí-oyin, sàdín mẹ́ta." "Àyànfẹ́ Ọ̀la, búrẹ́dì kan, ẹyin mẹ́fà." Nínú ọkàn rẹ̀, òun ni yóò san án nígbà tí owó oṣù bá dé. Ẹ̀yin náà sì mọ owó oṣù: kì í pẹ́ nílé.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ díẹ̀ nínú ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, kété lẹ́yìn ìrun, eléèhá kan wọ ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ dúdú bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ìbọ̀wọ́ wà ní ọwọ́ rẹ̀, awò dúdú sì wà ní ojú rẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá rí i pé obìnrin yìí ti fi aṣọ sọ̀rọ̀ kí ó tó ya ẹnu, pé kí a bọ̀wọ̀ fún òun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó béèrè tíì àti mílíìkì, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ìyẹn ti tó fún Eyínfúnjowó.

Ó ní, "Ẹ̀yin olóhùn oyin, bí ohùn bá dùn tó báyìí, báwo ni ẹni tí ó ni ohùn yóò ti dára tó? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ júwe ilé bàbá yín fún mi, kí n lè rán àwọn ẹbí mi wá."

Obìnrin náà kò bínú. Ó kó mílíìkì àti tíì rẹ̀ sínú àpò, ó sì fèsì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Ọmọ mi, ó ti lé ní ogójì ọdún tí bàbá mi ti wà nínú sàréè. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ rán ẹbí rẹ, ọmọkùnrin mi àgbà wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta ni. Òun ni yóò gba iṣu ìdána lọ́wọ́ yín. Kí o sì bá mi kí àbúrò mi tí ó ni ṣọ́ọ̀bù yìí. Sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yà, kò bá a, ṣùgbọ́n ó bá ọkọ."

Ó ti lọ tán kí akọ̀wé wa tó rántí pé òun kò gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí ìwé àwìn, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ìyá Àgbà, mílíìkì kan, tíì kan." Nínú gbogbo ìwé náà, òun nìkan ni orúkọ rẹ̀ bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu.

Ẹ ò rò pé ó gbọ́n? Kò gbọ́n.

Ọmọbìnrin kan wà tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì náà, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni. Kì í gba àwìn, kì í gba ẹ̀bùn. Bí gààrì bá ga jù lórí kóńgò, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ pé, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gé e." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Eyínfúnjowó fi ń tọrọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Nígbà tí ó kù ọ̀la kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ní òun kò fẹ́ nọ́ńbà náà fún ohun mìíràn ju pé kí òun máa jí i fún sàárì. Ó ní láádá ni òun ń wá. Ọmọbìnrin náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì kọ nọ́ńbà kan fún un.

Ní agogo mẹ́rin òru, Eyínfúnjowó ti jí. Ó fi omi lá ọ̀fun, ó tẹ nọ́ńbà náà. Bí wọ́n ti gbé e, kò dúró gbọ́ ẹnikẹ́ni, ó ní, "Ìmọ́lẹ̀ ojú mi, jí dìde. Bí n kò bá gbọ́ ohùn rẹ, oúnjẹ sàárì kò ní gba ọ̀nà ọ̀fun mi."

Ohùn kan dá a lóhùn, ohùn náà nípọn bí ìlù gbẹ̀du: "Mo ti jí o, ìmọ́lẹ̀ ojú mi. Ṣé o ti gbọ́ ọ báyìí? Ó yá, máa jẹun."

Nọ́ńbà bàbá ọmọ náà ni!

Bàbá náà ní, "Ọmọ mi ti sọ fún mi pé ẹnì kan ń wá láádá sàárì. Ọlọ́run yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n èmi ni àgbà, kò yẹ kí o máa jí mi. Láti òní lọ, èmi ni n ó máa jí ọ."

Kò sì fi ṣeré o. Títí ààwẹ̀ fi parí, bí agogo mẹ́rin bá ti lù, fóònù yóò ké, ohùn gbẹ̀du yóò wí pé, "Ìmọ́lẹ̀ ojú mi, ṣé o ti jẹun? Dìde, ṣe àlùwàlá." Eyínfúnjowó kò tó ẹni tí í pa fóònù. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí ṣàkíyèsí pé ní ọdún náà, òun ni ó ń kọ́kọ́ dé ìrun àsùbá. Lèmọ́mù gbàdúrà fún un ní gbangba. Ó ń ṣe àmín, ó sì ń fi ojú wo ilẹ̀.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kẹta ni ti Ojúde Ọba. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìjẹ̀bú-Òde, n kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé fún yín. Ní ọjọ́ kẹta Ìléyá ni. Àwọn Mùsùlùmí ayé àtijọ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lọ kí Awùjalẹ̀ láti dúpẹ́ pé ó fún wọn láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn ní àlàáfíà. Láti inú ìdúpẹ́ yẹn ni ayẹyẹ náà ti dàgbà tí ayé fi ń wá wò ó. Àwọn ìdílé Balógun a máa gun ẹṣin wá, àwọn Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ a sì máa tò kọjá lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú aṣọ tirẹ̀: Gbọ́baníyì, Bọ́bakẹ́yẹ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sì rántí pé ọjọ́ orí ni a fi ń pín ẹgbẹ́ wọ̀nyí. Àwọn tí a bí ní sáà kan náà ni wọ́n wà pọ̀.

Láti ọdún 2024 tí àwòrán Ọ̀gbẹ́ni Farooq Oreagba lórí ẹṣin ti kárí ayé, ó dà bí ẹni pé gbogbo ọ̀dọ́ ni ó ń wá bí fọ́tò tiwọn yóò ṣe jáde ní Ojúde Ọba. Eyínfúnjowó kò ní ẹṣin, kò ní agbádá. Àmọ́ ó ní ẹ̀gbọ́n bàbá kan tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí ẹsẹ̀ ń dùn, tí kò sì lè jáde ní ọdún náà. Ó yá aṣọ ẹgbẹ́ bàbá náà, aṣọ òkè, fìlà, ìlẹ̀kẹ̀, gbogbo rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní, ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, yóò ṣo ni. Tirẹ̀ ṣo ó. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀ kan, agbádá yóò gbá ilẹ̀. Bí ó bá gbé èkejì, fìlà yóò bo ojú.

Ibi tí ó ti dúró tí ó ń ya fọ́tò ni bàbá kan tí ó wọ irú aṣọ kan náà ti wá dì mọ́ ọn láti ẹ̀yìn.

"Ẹlẹ́gbẹ́ mi, ẹ kú ọdún o!" Bàbá náà yí i padà, ó wò ó, ó tún un wò. "Awọ ara yín mà dán o! Kí ni ẹ ń jẹ? Ẹ wò ó, lọ́jọ́ tí Náíjíríà gba òmìnira ní 1960, tí wọ́n pín ìrẹsì fún wa ní ilé ẹ̀kọ́, ìlà wo ni ẹ wà?"

Eyínfúnjowó fèsì pẹ̀lú ìbẹ̀rù, "N kò... n kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà, sà."

Bàbá náà dákẹ́. Ó gbé etí sílẹ̀. Ó ní, "Dúró ná. Ohùn yìí kò ṣàjèjì sí mi." Ni ó bá pariwo: "Ìmọ́lẹ̀ ojú mi!"

Bàbá sàárì ni o! Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọ yunifásítì yẹn. Ó pe àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ jọ, ó ní wọ́n ti rí ọmọ ẹgbẹ́ tí ó sọnù. Wọ́n ní kí ó san owó ẹgbẹ́ gbogbo ọdún tí ó jẹ. Nígbà tí kò rí i san, wọ́n ní kí ó bá àwọn ru àga. Láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin tí ó wá ya fọ́tò ni ó ń ru àga ká nínú aṣọ òkè olówó iyebíye. Fọ́tò tí wọ́n sì yà nígbà tí ó ru àga mẹ́rin lórí ni ó kọ́kọ́ dé Ìjàgun kí òun fúnra rẹ̀ tó dé.

Ẹ ti rẹ́rìn-ín, àbí? Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ibi tí mo sọ pé kí ẹ má ṣe pa ìwé dé la dé yìí.

Lẹ́yìn Ìléyá, Àlàájà jókòó láti ka ọjà. Ó kà á, ó tún un kà, owó kò pé. Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélọ́gọ́ta náírà ni ó dín. Owó oṣù Eyínfúnjowó kò sì tó bẹ́ẹ̀. Ó ní kí ó gbé ìwé àwìn wá. Àwọn oníbàárà ń wọlé, wọ́n ń jáde, Àlàájà wọ awò ojú rẹ̀, ó ń kà á sókè, nítorí pé bí ó ti máa ń kàwé nìyẹn.

"Ìmọ́lẹ̀ Ojú Mi, mílíìkì méjì. Ta ni Ìmọ́lẹ̀ Ojú Mi?"

Ọmọbìnrin méjì tí wọ́n dúró nídìí kàǹtà dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Èmi ni, mà." Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n gbá ọwọ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n sì jọ jáde. Ọ̀rọ̀ tiwọn kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kò gbà á gbọ́ rí.

Àlàájà tún kà á: "Àyànfẹ́ Ọ̀la, búrẹ́dì kan, ẹyin mẹ́fà. Àyànfẹ́ Ọ̀la, ọṣẹ méjì. Àyànfẹ́ Ọ̀la, kóńgò gààrì kan. Ta ni eléyìí?"

Kò sí ẹni tí ó dáhùn. Nígbà tí ó pẹ́, ọmọbìnrin kan tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà sún mọ́ iwájú. Ọmọ iṣẹ́ aránṣọ ni, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní, "Èmi ni, mà. N kò mọ̀ pé wọ́n kọ ọ́. Wọ́n sọ fún mi pé ẹ̀bùn ni. Èló ni gbogbo rẹ̀?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí tú owó láti etí ìró rẹ̀.

Àlàájà kò gba owó náà. Ó fà á wọ inú ilé, ó fún un ní àga, ó sì bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni òtítọ́ ti jáde. Eyínfúnjowó ti sọ fún ọmọ náà pé lẹ́yìn Ìléyá ni àwọn ẹbí òun yóò wá. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, bí ó ti ń sọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n eléyìí gbà á gbọ́. Olùkọ́ kan láti Àgọ́-Ìwòyè wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, ó mọ Ọlọ́run. Ọmọbìnrin náà ní kí wọ́n sọ fún un pé òun ti fún ẹnì kan ní ọ̀rọ̀. Olùkọ́ náà kò sì jà, kò bẹ̀bẹ̀. Ó yí padà, nítorí pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́run, kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá a, ti kọ̀ fún Mùsùlùmí láti tọrọ obìnrin lé ìtọrọ arákùnrin rẹ̀. Nígbà tí ó fi di Ìléyá, ó ti tọrọ ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe rí? Ẹnì kan ń fi í ṣeré nídìí kàǹtà; ẹlòmíràn, nítorí pé ó bẹ̀rù Ọlọ́run, ka ọ̀rọ̀ kan náà sí odi, kò sì fò ó.

Àlàájà pe Eyínfúnjowó wọlé. Kò pariwo. Ó ní, "O mọ Súrà Al-Mutaffifin tí a fi bá àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù wí. O lè sọ pé ìwọ kò dín ti ẹnikẹ́ni kù, pé ńṣe ni o ń bù lé e. Ṣùgbọ́n ohun tí o ń bù lé e, ti ta ni? Tèmi ni. Èyí tí ó jẹ́ gààrì, a ó máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ, yóò tán. Èyí tí o bù fún ọmọ yìí ńkọ́? Láti inú àpò wo ni n ó ti yọ ọ́?"

Eyínfúnjowó dojú bolẹ̀. Eyín tí ó funfun ju owó lọ, a kò rí ọ̀kan lọ́jọ́ náà. Ó bẹ ọmọbìnrin náà. Ó ní òun kò ní i lọ́kàn láti ṣe é ní ibi. Ọmọbìnrin náà kò bú u. Ó ní, "Bọ̀dá, mo mọ̀. Ẹyin tí mo jẹ, mo lè dá a padà. Ọjọ́ tí mo fi dúró dè yín, ta ni yóò dá a padà fún mi?" Ó dìde, ó kí Àlàájà, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Mo fẹ́ kí gbogbo wa ronú sí ìbéèrè yìí.

Ní ọdún 1929 sí 1930, Isaac Thomas tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde ní apá kọ̀ọ̀kan nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, obìnrin kan tí ó ń fi ẹkún ka ìwà ìgbà èwe rẹ̀. Ìtàn náà gbajúmọ̀ gan-an. Láti ayé ìgbà náà títí di òní, bí a bá fẹ́ kìlọ̀ nípa ìfẹ́ ẹ̀tàn, obìnrin ni a sábà máa ń kọjú sí: ọmọbìnrin, pa ara rẹ mọ́, ọmọbìnrin, má ṣe gba ẹ̀bùn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Súrà An-Nur. Nígbà tí Ọlọ́run pàṣẹ pé kí onígbàgbọ́ rẹ ojú wọn sílẹ̀ kí wọ́n sì ṣọ́ ara wọn, ní ẹsẹ 30, ọkùnrin ni ó kọ́kọ́ bá wí. Ní ẹsẹ 31 ni ó tó kan obìnrin. Ta ni nínú wa ni ó ń tẹ̀ lé ètò yẹn nínú ilé? Bí ọmọkùnrin wa bá ń rẹ́rìn-ín kiri, a ó ní ọmọ náà yá mọ́ ènìyàn. Bí ọmọbìnrin bá gba ẹ̀rín náà gbọ́, a ó ní ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá ọmọkùnrin, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹ kọ́ ọmọ yín pé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kún tí a ń bù lé orí kóńgò láti fi fa oníbàárà. Ẹyin ni ohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Bí ọmọ yín bá ti ń dárúkọ ọmọbìnrin kan, ẹ bi í léèrè pé, "Nígbà wo ni àwa yóò lọ?" Bí kò bá ní ọjọ́, kí ó pa ẹnu mọ́.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin wa, n kò ní sọ pé kí ẹ máa sá fún gbogbo ẹni tí ó bá rẹ́rìn-ín sí yín, nítorí ọkọ rere náà a máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí wọ̀n ọ́n: yìgì ní ohun tí a fi ń mọ̀ ọ́n. Ó ní ìyọ̀ǹda ẹ̀yin fúnra yín, ó ní wálí, bàbá yín tàbí ẹni tí ó dúró ní ipò rẹ̀, ó ní ẹlẹ́rìí méjì, ó sì ní sàdáákì, tí í ṣe tiyín, tí kì í ṣe ti bàbá tàbí ti ìyá. Ẹni tí ó bá ń fún yín ní búrẹ́dì lójoojúmọ́, tí kò lè dárúkọ ọjọ́ tí yóò rí wálí yín, búrẹ́dì nìkan ni ó ní. Títí tí àwọn ẹbí rẹ̀ yóò fi dé, ẹ kò tíì jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan. Ẹ má ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni rere nítorí ìlérí ẹnu kàǹtà. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá sì yé yín, ẹ ṣe bí ti ọmọ yunifásítì yẹn: ẹ fún un ní nọ́ńbà bàbá yín. Ẹni tí ó bá ní ohun gidi í sọ yóò bá bàbá sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ máa ka ìwé àwìn yín lóṣooṣù, ẹ má dúró de Ìléyá.

Mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí pé kí ni ó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Àlàájà kò lé Eyínfúnjowó. Ó ní bí òun bá lé e, ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn ni yóò gbé ẹnu náà lọ. Ó ń san gbèsè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ń gé kóńgò gbogbo ènìyàn pẹrẹsẹ, arúgbó àti ọ̀dọ́. Bí agogo mẹ́rin òru bá lù, a máa jí fúnra rẹ̀, bí fóònù kò tilẹ̀ ké. Ó sì ti gbé pátákó kan kọ́ sókè kàǹtà, ó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé: A KÌ Í TA ÀWÌN.

Ọmọ aránṣọ wá ra ọṣẹ ní ọjọ́ kan. Ó gbé ojú sókè, ó ka pátákó náà, ó san owó rẹ̀ pé, ó sì gba ṣéńjì. Bí ó ti ń lọ ni ó ní, "Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ tètè kọ́ ọ o, tí ẹlòmíràn kò bá tíì dé."

Ó dọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Kí Ọlọ́run fún àwọn ọmọ wa ní aya rere àti ọkọ rere, kí ó sì fún ahọ́n wọn ní ìjánu. Àmín.